Ìrọ̀lẹ́ Tí Wọ́n Ń Sanwó Rẹ̀

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti lo agbára ọ̀dọ́ mi, fèrè ló ń dá wa sílẹ̀. Aṣọ là ń hun níbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó sì ti di bárakú sí mi lára. Títí dòní, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kì í sinmi. Ṣùgbọ́n bí ariwo náà ti tó yẹn, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ fèrè ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti dún, ọwọ́ rẹ ti padà di tìrẹ nìyẹn. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Á ní bí òun bá fẹ́ kí n gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, àfi kí òun náà lọ ra fèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ófátáìmù, nítorí òun ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí fèrè bá ti dún tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ọ̀gá ò lè pàṣẹ fún wa mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Á máa lọ láti ìdí ẹ̀rọ kan sí èkejì, á máa bi kálukú bóyá ó lè dúró. Ẹni tó bá dúró, owó wákàtí rẹ̀ á wúwo ju ti ọ̀sán lọ. Ìdí nìyí tí máníjà wa, òyìnbó kan tí irun ti tán lórí rẹ̀, fi máa ń dúró sẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kó adìẹ wọlé. Yorùbá bíntín tó gbọ́ ló fi ń lé wa: "Ilé! Ilé! Ìyàwó ń pè!" Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wá owó kẹ̀kẹ́ lọ fara pamọ́ sínú ilé ìyàgbẹ́, kí wọ́n lè bá a nínú ọgbà lẹ́yìn fèrè, kí wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tó dúró. Máníjà fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ófátáìmù, ti iṣẹ́ ni. Èyí, tìrẹ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ń kí ọ̀rẹ́ mi títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ófátáìmù ló kọ́ ilé tí mò ń gbé ní Igbó-Elérin yìí. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ náà, igbó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Erin nìkan ni n kò rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra kí èèyàn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá ń sanwó fún, wọ́n á máa ṣọ́ ọ lò. Wọ́n ń sanwó ìrọ̀lẹ́ wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé wa lọlé. Ọgbọ́n tí mo kó bọ̀ láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, mo sì gbé e fún ọmọ mi gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń gbé ogún fún ọmọ.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ìbà lè ti kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Òun ló ni jẹ́lé-ó-sinmi onípákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà búlúù, níbi tí ọ̀nà ti yà kúrò ní títì. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Alábà, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, àwọn tó ń wọ mọ́tò ní Okokomaiko lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ni wọ́n ń fọmọ tì. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn tètè dé á kó báàgì, wọ́n á lọ. Àwọn tí ìyá wọn pẹ́ á máa wo ojú ọ̀nà. Ètè wọn á máa gbọ̀n. Ẹkún ò ní í pẹ́ bọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi á fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, ì báà mọ ibi tí ìyá ọmọ wà, ì báà má mọ̀: "Má sunkún mọ́. Ìyá ẹ ti ṣíwọ́. Ó ti wà lọ́nà." Lẹ́yìn náà, á ké sí wọn:

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé wọn ní ìhà Ògùn: ọ̀sán wà fún iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló ni àlọ́. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn pẹ́ nìkan ló wá ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mìíràn kò fẹ́ kí ìyá wọn tètè dé mọ́. Ó ṣojú mi tí ìyá kan ń wọ́ ọmọ rẹ̀ jáde, tí ọmọ di férémù ilẹ̀kùn mú, tó ń ké pé, "N ò lọ! Ìgbín ò tíì dé ọjà!"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìgbín wo? Ta ló rán ìgbín lọ́jà?"

Ìgbín inú àlọ́ ni. Ìgbín kan tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílé, tó ní òun ń lọ ra iyọ̀ fún wọn, torí pé ọbẹ̀ wọn tẹ́. Iyọ̀! Ìgbín! Ẹni tó mọ ohun tí iyọ̀ ń fi ìgbín ṣe á ti máa mi orí. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ìgbín lọ́nà ló ń bi í léèrè, orin ló sì fi ń dá wọn lóhùn. Ìyàwó mi á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é:

*Ìgbín, ìgbín, níbo lò ń lọ?*
*Yọ́ńyọ́ o, yọ́ńyọ́.*
*Ọjà ni mò ń lọ, mo fẹ́ ra iyọ̀.*
*Yọ́ńyọ́ o, yọ́ńyọ́.*
*Ta lo fọmọ rẹ tì, ìgbín?*
*Yọ́ńyọ́ o, yọ́ńyọ́.*
*Òjò ni mo fọmọ mi tì.*
*Yọ́ńyọ́ o, yọ́ńyọ́.*

Ọmọ kan wà tí kì í lọ, bí gbogbo wọn tiẹ̀ lọ tán. Òun ni àbíkẹ́yìn wa, obìnrin. Ọmọ onílé ni, níbo ni yóò lọ? Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀ gún ló ti ń gbe "yọ́ńyọ́". Àwọn ọmọ yòókù ń dàgbà, wọ́n ń lọ sí iléèwé ńlá, àwọn tuntun ń dé, òun ló ń kọ́ wọn ní ègbè. Ohùn ìyá àti ohùn ọmọ wọnú ara wọn débi pé, bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ tí mo gbọ́ wọn lókèèrè, n kì í lè sọ ibi tí ti ọ̀kan ti parí.

Àìsàn ìyàwó mi kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó da iyọ̀ sínú tíì, a rẹ́rìn-ín. Ó pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú, mi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ ra búrẹ́dì tí wọ́n rí i ní Ìyànà-Ìbà tó jókòó ti àwọn tó ń ta ọsàn, tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ilé òun, ni a gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ni, kò sì ní í lọ. Ó ní kí a má máa fi ìbéèrè dà á láàmú. Ohun tó ti máa ń ṣe látẹ̀yìnwá ni kí a máa bá a ṣe. A ti jẹ́lé-ó-sinmi pa.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kò gbàgbé rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, tí ojú ọ̀run bá ti ń pọ́n lẹ́yìn òrùlé àwọn aládùúgbò, á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á wo yàrá yíká, á ní, "Ọmọ ta ló kù?" Ọmọ mi á ti dé láti ibi iṣẹ́, á wọlé, á kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ààlọ́ o!" ni ìyá á wí.

"Ààlọ̀!" ni ọmọ á dáhùn.

Ìgbín á gbéra. Ẹni tí kò mọ orúkọ oúnjẹ tó jẹ lọ́sàn-án, kò ṣi ẹsẹ̀ orin kan dá rí. Nígbà tí ìgbín bá fi máa dé ọjà, ojú rẹ̀ á ti là, bí ìgbà tí wọ́n bá tan iná nínú ilé. Á fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Á ní, "O ti rù o. Ṣé o jẹun?" Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti àárọ̀: "Bàbá ẹ dà?"

Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí. Mo máa ń jẹ́ kó béèrè tán kí n tó dáhùn, kí n lè gbádùn rẹ̀. "Èmi rèé o, Ìyá Ilé."

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ ń ṣọ́ géètì ni?"

Gbogbo ohun tó kù fún mi nínú ìgbéyàwó mi nìyẹn. Kò gùn. Kó tó di pé a jẹun alẹ́, ó ti padà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìyẹn lójoojúmọ́ kò tíì di opó.

Mo gbìyànjú láti gbè é fúnra mi, lọ́jọ́ tí ọmọ mi kò tètè dé. Ìyàwó mi gbọ́ "yọ́ńyọ́" lẹ́nu mi, ó dá orin dúró, ó sì rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àlejò. "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọmọ mi ló máa ń gbè é. Ó wà níbi iṣẹ́. Tó bá ti ṣíwọ́, á wá."

Iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe ni pé ó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn fún ọ̀gá kan tó ń ta ínfátà àti sólà, tí wọ́n fi ń tanná bí iná ìjọba bá lọ, ní Alábà. Lọ́sàn-án, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nírọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú fóònù tí ọ̀gá fún un. Ẹ sì mọ bí ìlú wa ṣe rí. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá mú iná lọ, onílé kò sí nílé. Ìrọ̀lẹ́ ló máa dé, tí yóò bá ínfátà tó ń ké "píìn, píìn" bí òròmọdìẹ tí ìyá rẹ̀ nù. Á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́: "Ẹ wo nǹkan pupa yìí o." Àkókò tí ìyá rẹ̀ ń lajú ni gbogbo agbègbè Ọ̀jọ́ wa ń bọ́ sínú òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń lọ. Ìyá á dá orin: "Ìgbín, ìgbín, níbo lò ń lọ?" Ọmọ á lanu láti gbè é, fóònù á gbọ̀n lórí itan rẹ̀. "Hẹ̀lóò, sà. Ẹ má bínú, sà. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Rárá, sà, bọ́tìnnì ti ẹ̀yìn." Ìyá á dúró. Ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lẹ́nu ọmọ, á máa retí. Bí fóònù bá parí, á ti gbàgbé ibi tí a dé. Á ní, "Ààlọ́ o!" Ìgbín á tún padà sílé, á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbéra. Láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, ìgbín lè kúrò nílé títí, kó má fojú kan ọjà. Bí kò bá sì dé ọjà, ojú ìyàwó mi kò ní í là. Bí ojú rẹ̀ kò bá là, kò sẹ́ni tí yóò béèrè mi.

Mo pe ọmọ mi sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń san án fún ẹ?"

"San kí ni, Bàbá?"

"Ófátáìmù."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ ti ògiri. "Bàbá, orí fóònù ni o. Èmi tí mo jókòó sílé mi. Ta ló ń sanwó fóònù títẹ̀?"

"Ọwọ́ ta lo fi ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ọwọ́ mi."

"Ẹnu ta lo fi ń bẹ̀ wọ́n?"

"Bàbá, tí mo bá béèrè, wọ́n á ní mo ti ń ṣe agídí. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí kún ìta."

Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wá sọ ìtàn máníjà wa fún un, bí ó ṣe ń dúró sẹ́nu géètì. Mo ní, "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ìrọ̀lẹ́ rẹ. Ohun ọ̀fẹ́ kò lópin. Jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀, o ó rí i pé àwọn fúnra wọn á máa lé ẹ wá sọ́dọ̀ ìyá ẹ." Ó ń rò ó. Mo rí i pé ó gbà mí gbọ́. Láti kékeré ló ti máa ń gbà mí gbọ́.

Kò tíì rí àyè béèrè tí ọ̀gá náà fi wá kí wa. Ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ṣì wà nínú sùtánà funfun mi, n kò tíì wọ bàtà. Ọmọ Ìbò ni ọ̀gá yìí, ṣùgbọ́n Okokomaiko ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, tòun ti ọsàn àti ohun mímu mọ́ọ̀tì tó gbé dání.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ń sinmi. Ọ̀gá, ẹ jókòó. Orí mi ló gbé yín wá, torí mo fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ yín."

"Ha, Bàbá! Ínfátà ni? Ti yín kò ní í wọ́n."

"Kì í ṣe ínfátà. Ìrọ̀lẹ́ ọmọ mi ni. Èló lẹ̀ ń tà á?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wojú ọmọ mi tó dúró lẹ́nu kíṣínì, tó ti fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín rẹ̀ dín kù. "Bàbá, èmi ò rà á rí, kí n tó tà á."

"Ìyẹn ni mo fi ń béèrè. Ohun tí ẹ ò rà, báwo ló ṣe dé ọwọ́ yín?"

Mo wá sọ ti ófátáìmù ilé iṣẹ́ wa fún un. N kò ní í parọ́ mọ́ ọn, èèyàn rere ni. Ó dìde, ó lọ wo ìyàwó mi nínú yàrá. Ìyàwó mi bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti jẹ́ kó jẹun kó tó wá. Nígbà tó padà sí pálọ̀, ó tún jókòó. Ó ní, "Ìyá tèmi náà ṣe báyìí." Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ti bá mi wí. Wákàtí tí ọmọ yín bá fi dáhùn lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa san án, mo sì máa san án ju ti ọ̀sán lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe san tiyín nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo súre fún un títí tó fi wọ mọ́tò. Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, kọ́múrédì òṣìṣẹ́ ni yín o!" Èmi náà jó lọ sínú yàrá. Ìyàwó mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá yìí mọ̀ ọ́n jó o. Ọmọ ibo ni yín?"

Mo retí kí ọ̀gá náà lọ dúró sẹ́nu géètì. Kò dúró síbẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni pé ilé iṣẹ́ aṣọ wa kì í ta ìrọ̀lẹ́ wa fún ẹni tó ń ra aṣọ. Ọ̀gá yìí rí i tà. Ó ní kí òun tó lè san owó náà, ó gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá, ó sì fi í lé owó ọjà: kọ́sítọ́mà tó bá fẹ́ kí wọ́n máa dá òun lóhùn nírọ̀lẹ́, á fi nǹkan díẹ̀ kún un. Inú wọn dùn sí i. Wọ́n san án. Ẹni tó ti sanwó kò sì mọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù" mọ́. Tẹ́lẹ̀, ọmọ mi lè yọ́ fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí títí ìgbín á fi dé ọjà, kó wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun ò gbọ́. Nísinsìnyí, bí fóònù bá dún tí kò tètè gbé e, wọ́n á pe ọ̀gá: "Ṣé kì í ṣe pé mo sanwó ni?" Ọ̀gá ra fóònù kejì fún un. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè, kó bá a tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń jí gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá ní rìsíìtì rẹ̀.

Owó náà sì wọlé, n kò lè sẹ́ ẹ. Òun ló ń ra oògùn ìyá rẹ̀ tó wọ́n bí ojú. Òun ló ń ra pámpàásì. Òun la fi bẹ obìnrin kan nínú ìjọ wa pé kó máa bá wa jókòó tì í lọ́sàn-án, nítorí orúnkún mi kò lè lé e dé ojú títì mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí mo ní kí ọmọ mi dá fóònù padà, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá, oògùn ńkọ́?" Mo dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ mi ń lọ sókè sódò bí ìgbà tí mo wà nídìí ẹ̀rọ.

Ọmọ náà wá ọ̀nà. Ó gbìyànjú àárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ààlọ́ o!" Ìyàwó mi bínú sí i. Ó ní, "Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ò ń pàlọ́? Ta ló kọ́ ẹ nílé yín?" Ẹni tó gbàgbé ilé ara rẹ̀ kò gbàgbé òfin ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù tèmi, ègbè nìkan, "yọ́ńyọ́ o, yọ́ńyọ́," pẹ̀lú àlàfo láàárín fún ìyá rẹ̀ láti dá orin. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí òun wà ní pálọ̀ tó ń bẹ ẹnì kan pé kó yọ wáyà, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú ìyàwó mi tàn. Ó dá orin, ohùn ọmọ gbè é. Ó tún dá a, ohùn tún gbè é. Ó wá dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò káàkiri. Ó ṣí kọ́tìnnì wò. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan wà níbí tó ń gbè é. Kí ni mo fi ṣe é tó fi ń sá fún mi?" Mo pa fóònù náà. N kò tàn án fún un mọ́.

Obìnrin inú ìjọ wa ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó ti fẹ́ máa lọlé, ó ń so gèlè mọ́rí, ó ní, "Bàbá, Màámi ò béèrè ọmọ ta ló kù mọ́ o." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo dúró. Ọ̀run pọ́n lẹ́yìn òrùlé, ó sì dúdú. Ìyàwó mi kò dìde. Ó dojú kọ ògiri, ó ń fi ìka tọ ojú ọ̀dà rẹ̀. Ọjọ́ kejì rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ń tẹ fóònù lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

Kò bi mí léèrè oògùn mọ́. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó kó fóònù méjèèjì fún un, ó ní òun kò lè ṣe ti ìrọ̀lẹ́ mọ́, kó dín owó òun kù bó bá fẹ́. Ọ̀gá náà pè mí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bàbá, mo rò pé owó lẹ ní kí n san."

Mo ní, "Owó ni mo ní kí ẹ san lóòótọ́."

Ọmọ mi tètè dé lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, òrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ilé, ó wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀ bí ó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Mo gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà.

Ó dúró kí ìyá rẹ̀ ké sí i. Ìyá rẹ̀ kò ké sí i. Ó wá ké e fúnra rẹ̀. "Ààlọ́ o!" Òun náà ló dáhùn. Ó dá orin, ó sì ń gbè é fúnra rẹ̀, ó ń fi ohùn kan bi ìgbín, ó ń fi òmíràn dáhùn. Ó gbé ìgbín kúrò nílé. Ó mú un kọjá gbogbo àwọn tó ń bi í léèrè. Lọ́jọ́ yẹn, ìgbín dé ọjà. Kò sí ohun tó dá a dúró lọ́nà. Ìyàwó mi ń wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń ta nǹkan tí kò fẹ́ rà. Nígbà tí ọmọ dé "òjò ni mo fọmọ mi tì," ohùn rẹ̀ já. Ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún.

Ẹkún ni ìyàwó mi gbọ́. Ó yíjú kúrò lára ògiri. Ó rọra na ọwọ́, ó gbé e lé orí ọmọ, ó ń fi pa irun rẹ̀.

"Má sunkún mọ́," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ohùn jẹ́lé-ó-sinmi. "Má sunkún mọ́. Ìyá ẹ ti ṣíwọ́. Ó ti wà lọ́nà."

Ọmọ mi kàn ń mi orí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyàwó mi gbójú sókè. Ó rí mi. Ojú rẹ̀ dúró lára mi díẹ̀. Ó wá tẹ̀ sétí ọmọ náà, inú rẹ̀ dùn fún un. "Wò ó," ni ó wí, "ẹnì kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó jọ pé bàbá ẹ ló wá mú ẹ."

Mo dìde. Mo kí i bí àwọn bàbá ṣe máa ń kí i ní Ìbà nígbà náà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi mójú tó o."

"Kò tọ́pẹ́, bàbá. Ọmọ dáadáa ni. Ẹkún yìí nìkan ni."

Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo fà á dìde, a jáde sí pálọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń juwọ́ sí wa.